Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Dúró De Ìkómọjáde

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ bá ráyè. Ẹni tó bá pọn ọmọ, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó gbé e lé itan. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ dín iná rẹ̀ kù kó tó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ní lẹ́nu kì í ṣe èyí tí à ń dúró gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Àwọn ìyá wa máa ń fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n tó sọ ọ́, àwọn mìíràn ò sì sọ ọ́ rárá títí ilẹ̀ fi gbà wọ́n. Iṣẹ́ ló sọ èmi di ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ni n ó ṣe sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìpetumodù. Ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ọmọ ni n ó máa gbà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màtírọ́ọ̀nù, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, kò mú mi dé yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló mú mi lọ, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìsàlẹ̀ ara àwọn ènìyàn wò. Ó ní kí n jókòó, kí n máa gbọ́, kí n má sọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn aláìsàn lọ tán, ó bi mí pé kí ni mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́ pé ìsàlẹ̀ ń dun àwọn ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí kò gbọdọ̀ ti ẹnu mi jáde níbẹ̀ láéláé ni, "Ta ló kó o ràn ọ́?" Ó ní nọ́ọ̀sì tó bá ti béèrè ìyẹn ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́, aláìsàn tó bá sì bá adájọ́ pàdé kò ní pa dà wá gba oògùn.

Mo rí oríṣiríṣi ènìyàn lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn. Àwọn ọkùnrin ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọ̀gbẹ́ni kan wá láti Sábó, ó ń ta àgbò, ó sì síngbọnlẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló rán òun wá, pé egbò ń yọ ọ̀rẹ́ náà lẹ́nu níbi tí kò ṣeé dárúkọ. Mo ní ó dáa, kó lọ pè é wá. Ó ní kò lè rìn. Mo bi í pé kí ló dé tí òun tí kò ní egbò ń rìn bí ẹni tó fi itan méjèèjì gbé ẹyin. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

Ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fa kọ́tìnì yẹn dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ti dé."

Ohun tó wà lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní hẹ́pìsì. Àwa a máa pè é ní ìléròrò ojú ara kó lè yé àwọn ènìyàn wa. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa yúnni, tàbí kó máa tani bí ìgbà tí ata kan ojú. Lẹ́yìn náà, ìléròrò wẹ́wẹ́ á sú jọ, á bẹ́, á di egbò, ìtọ̀ tó bá kàn án á wá dà bí omi gbígbóná. Ti àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ibà tilẹ̀ lè bá a rìn. Tó bá ṣe díẹ̀, á gbẹ, ibẹ̀ ló sì ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní ó ti lọ. Kò lọ. Ó wọ inú iṣan lọ sùn ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì lè sùn fún oṣù, ó lè sùn fún ọdún. Lọ́jọ́ tí àárẹ̀ bá mú ènìyàn, tàbí tí ìbànújẹ́ dé bá a, tàbí tí nǹkan oṣù ń bọ̀ lọ́nà, ó lè jí.

Kò sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá. Ẹni tó bá ní òun ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ yà fún un. Àmọ́ oògùn oníhóró wà tí dókítà máa ń kọ, èyí tó ń jẹ́ kí egbò tètè jinná, tó sì ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún jí. Kì í sé obìnrin nínú. Ẹni tó ní in lè fẹ́, ó lè bí, ó lè darúgbó. Ohun tó ń dani láàmú níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò mọ̀ rárá. Ìléròrò kankan kì í yọ sí wọn lára, tàbí kó yọ díẹ̀ kí wọ́n pè é ní ooru. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù ń dín in kù, kò dí gbogbo ọ̀nà. Tí ara bá ti ń yún, tàbí tí egbò bá wà níbẹ̀, kí tọkọtaya má bá ara wọn sùn títí yóò fi jinná. Àgbà á rára gba nǹkan sí. Ọmọ tuntun ni kò lágbára láti bá a jà.

Nítorí ọmọ tuntun kan ni mo ṣe pè yín jókòó.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ ìyá ọmọ náà, aránṣọ ni. Làmídì ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni, iṣẹ́ a sì máa gbé e kúrò nílé pẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá Làmídì ni wọ́n ń gbé, nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí ilé ìwòsàn wa. Opó ni ìyá yìí, ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a gbé báàgì wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún. Oyún àkọ́kọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, wọ́n sì ti wojú Ọlọ́run títí kó tó dé.

Nígbà tí ìbímọ kù sí dẹ̀dẹ̀, a ò rí i ní àyẹ̀wò mọ́. Ẹ̀yìn ni mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìléròrò ti sú sí i lójú ara, ibà sì gbé e dálẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìyá Làmídì bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó da iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù sí i, ó ní kó máa jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí egbò bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ó ní ooru oyún ni, kò sí ìdí tí wọ́n fi ní láti ṣí ara sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì nítorí ooru.

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa dé, kò fàyè sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni orí ọmọ ti yọ. Mo gbà á, ọkùnrin ni, ó ké dáadáa. Ìgbà tí mo wá ń nu ìyá rẹ̀ ni mo rí èépá, mo sì rí ìléròrò tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó sọ fún mi. Tó bá ti pẹ́ lára aboyún, ara rẹ̀ á ti kọ́ bí yóò ṣe dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí oyún ti gbó, ọwọ́ òfo ló máa ń bá ọmọ. Ká ní a ti rí i kí orí ọmọ tó yọ ni, ilé ìwòsàn ńlá ni à bá gbé e lọ, wọn ì bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí ọmọ má bàa gba ibẹ̀ kọjá.

Mo kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fa oògùn sí i lára kó tó di pé a rí nǹkan kan. Ìyá Làmídì fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àmọ́ ọmọ tí a ò tíì kó jáde, ibo la fẹ́ gbé e lọ?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, bí ọmọ bá ti wọlé, kì í tún rí oòrùn mọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní àìsàn ò mọ ìkómọjáde. Ó ní ọmọ ń ké, ọmọ ń mu ọmú, kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé pé ó ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá gbé e jáde gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ. Wọ́n gbé omi tútù fún mi, wọ́n gbé ọmọ wá kí n wò ó, ọmọ ń mu ọmú. Làmídì wà níbi iṣẹ́ kan ní Èdúnàbọ̀n, wọ́n ní ọjọ́ ìkómọjáde ni yóò dé, pé òun ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ó dé lóòótọ́. Àlùfáà pe orúkọ sí ọmọ létí, wọ́n pa àgbò, wọ́n sì pe onígbàjámọ̀ kó fá orí ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn Mùsùlùmí. Onígbàjámọ̀ yìí ló kọ́kọ́ rí i. Bí irun ṣe ń kúrò, ó rí ìléròrò tó sú bí ọkà bàbà láàárín orí. Ó ní ooru ni, ó fi abẹ yí i ká. Kí àlejò tó jẹun tán, ọmọ ti kọ ọmú.

Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n sáré gbé e wá. Mi ò jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, gìrì sì ti ń gbé ọmọ kí a tó dé ibẹ̀. Àwọn dókítà ò sinmi lórí rẹ̀. Wọ́n fa oògùn sí i, wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó kú. Ọ̀nà ìsìnkú ọmọdé kì í pẹ́. Nígbà tí Làmídì àti Àlùfáà máa fi ti ìtẹ́ òkú dé, omi ọmú ti gbá iwájú aṣọ Mọ́rẹ́nikẹ́ mọ́ ọn láyà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ aṣọ náà fún un.

Dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà fún tọkọtaya, ó sì sọ ibi tí ọmọ ti kó o. Làmídì ní egbò ò yọ lára òun rí láyé òun, nítorí náà ìyàwó òun ló lọ kó o wálé. Agboolé bá pe ìpàdé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi nítorí pé èmi ni mo gbẹ̀bí. Mo kọ́kọ́ lọ bá Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo ní tí kò bá fẹ́ kí n lọ, ẹsẹ̀ mi ò ní débẹ̀. Ó ní kí n lọ, kí n sọ ohun tí mo mọ̀, pé kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ rí lára òun.

Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n gbé Kùránì lé e. Baálé ilé ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ búra pé òun ò mọ ọkùnrin mìíràn. Tí kò bá lè búra, kó di ẹrù rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní òun á búra, kí ọkọ òun náà búra tẹ̀ lé e. Làmídì fò dìde. Ó ní ọkùnrin kì í búra fún ìyàwó.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé, tí kò tilẹ̀ rọ ohùn sílẹ̀, ní, "Ẹni tó ń fi téèpù wọn itan ọkùnrin láti òwúrọ̀, kí la retí?"

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé kò sí dókítà tó lè wo egbò kó sọ ẹni tó gbé e wá. Mo ní ó lè wà lára Làmídì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ láìyọ jáde. Mo ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ bóyá ó wà lára ènìyàn, àmọ́ kò ní sọ ọjọ́ tó dé, kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Làmídì ní òun ò ní ṣe àyẹ̀wò kankan. Baálé ilé ní iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n máa gbè sẹ́yìn obìnrin. Ó ní kí Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ ṣe àlùwàlá, kó wá búra.

Ìyá Làmídì kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ búra," ló wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró de ìkómọjáde. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi, ó sì yé mi, nítorí nǹkan náà wà lára mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó ló ti wà níbẹ̀. Bàbá Làmídì nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀ títí di òní. Omi iyọ̀ tí mo ní kí ìyàwó mi jókòó sí, inú rẹ̀ ni èmi náà ń jókòó sí látọjọ́ yìí."

Baálé ilé, tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, fọwọ́ kó Kùránì kúrò lórí ẹní. Ẹnì kan rọra bi mí bóyá inú ìyá rẹ̀ ni Làmídì ti kó o. Mo ní rárá. Ká ní ó kó o lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni, bóyá ni ì bá fi wà níbẹ̀ tó ń jiyàn.

Làmídì ní, "Ìyá mi, ẹ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo ilé."

Ìyá rẹ̀ ní, "Orúkọ wo? Èyí tí a sọ ọmọ rẹ, a ti sin ín."

Ẹnikẹ́ni ò búra lọ́jọ́ náà. Àmọ́ Làmídì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìpetumodù, ó sì ránṣẹ́ pé òun ti kọ Mọ́rẹ́nikẹ́. Ìyá Làmídì ni kò jẹ́ kí obìnrin náà lọ. Ó fún un ní yàrá tó kọjú sí títì, kó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń gbé pọ̀. Mo máa ń yà kí wọn. Dókítà kọ oògùn oníhóró fún wọn. Mo ní kí wọ́n jáwọ́ nínú álọ́ọ̀mù tó ń bó wọn lára, pé omi iyọ̀ lásán ti tó, kí wọ́n jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí wọ́n wọ aṣọ òwú tí kò fún. Tó bá jí sí ọ̀kan lára, èkejì á bá a gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ kan, ìyá náà bi mí bóyá òótọ́ ni pé àìsàn náà lórúkọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò jẹ́ kí ọmọ kankan bá òun sùn lórí ẹní kan, aṣọ òun ò sì bá aṣọ ẹlòmíràn wọ inú ọpọ́n kan rí.

Ó ní, "Mo rò pé èmi nìkan ni, ní gbogbo Ifẹ̀."

Mo ní tí n bá pe gbogbo àwọn tí mo ti tọ́jú jọ sí àgbàlá wọn yìí, wọn ò ní rí ibi dúró sí. Mo sì sọ fún un pé ẹní kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀, ọpọ́n ò sì ní nǹkan ṣe. Kò sunkún, ó kàn ń fọwọ́ nu orúnkún rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan dà sí i.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé Làmídì ti fẹ́ Bọ́sẹ̀, ọmọdébìnrin kan tó ń ta ọṣẹ ní Ìpetumodù, pé ó sì ti lóyún. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún ránṣẹ́, pé kó sọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ. Ọ̀dọ̀ wa ni Bọ́sẹ̀ ti ń ṣe àyẹ̀wò. Mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo aboyún, bóyá ìléròrò ti yọ sí i lójú ara rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Iṣẹ́ mi ò gbà kí n sọ ohun tó wà lára ọkọ ọlọ́kọ, n kò sì sọ ọ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ló wọkọ̀ lọ bá a. Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, ẹnu wọn sì kò. Bọ́sẹ̀ bá a jà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní ìwọ tó ba ilé ara rẹ jẹ́, o tún fẹ́ wá ba tèmi jẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró títí ó fi bú u tán. Ó wá ní, "Mi ò wá nítorí ọkọ. Tó bá di pé o ń rọbí, tí ìsàlẹ̀ ń yún ọ tàbí tó ń ta ọ́, sọ fún wọn kí orí ọmọ tó yọ. Èmi ò sọ." Ó wọkọ̀ pa dà.

Nígbà tí ìrọbí mú Bọ́sẹ̀, kò jẹ́ kó pẹ́ lára kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. N kò tíì wọ ìbọ̀wọ́ tó ti dì mí lápá mú. Ó ní, "Màámi, ẹ kọ́kọ́ wò mí ná. Ó ń ta mí láti àná." Mo wò ó. Ìléròrò ló wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Èmi àti òun la jọ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Làmídì bá wa lọ́hùn-ún, ó ní abẹ kì í gba ọmọ ní ilé àwọn. Bọ́sẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ dókítà, ó sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ṣọ́ ọ títí ó fi dá wọn lójú, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ọdún yẹn ni mo fẹ̀yìn tì.

Ìyá Làmídì kú lẹ́yìn náà, ikú àgbà ni, orí oorun ló ti lọ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ogójì, nígbà tí wọ́n ń pín ohun tó fi sílẹ̀. Sàràtù, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kó aṣọ òkè àti ìkòkò ìyá rẹ̀. Oko kòkó bọ́ sọ́wọ́ Làmídì. Baálé ilé wá ní ìyá náà ti sọ fún òun kó tó kú pé yàrá tó kọjú sí títì, ti Mọ́rẹ́nikẹ́ ni. Làmídì ní kò ṣeé gbọ́ sétí, pé ìyàwó tí a ti kọ̀ kì í jogún nínú ilé tí a ti kọ̀ ọ́. Àwọn kan mi orí. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti ń dìde láti lọ kó ẹ̀rọ rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn, ó pọn ọmọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Baálé ilé.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fún wọn. Ìyáálé mi ni wọ́n. Ọmọ tí mo pọ̀n yìí, àwọn ni wọ́n sọ ohun tí ọkọ mi ò sọ, tó fi wà láàyè."

Baálé ilé wo Làmídì títí. Bàbá náà nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí Mọ́rẹ́nikẹ́, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.